ÒGIDÌ ÀTI ÀBÙLÀ

Ẹ̀kọ́ lórí ìwọ̀n omi àti ìwọ̀n ohun tí a pò mọ́ ọn

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lónìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tó bá ti ra oyin rí, tó bá ti mu ẹmu rí, tó bá ti se ọbẹ̀ rí, ó ti mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí a tò ó lẹ́sẹẹsẹ, kí a sì fi nọ́ńbà sí i. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò lóko, ó wúlò lódò, ó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ là nínú ilé.

1. Ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Bí a bá dé ọjà ní Igbó-Ọrà tàbí ní Èrúwà, tí a fẹ́ ra oyin, kí ni à ń bi olóyin? À ń bi í pé, "Ṣé ògidì ni, àbí àbùlà?" Ògidì oyin ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò bu omi sí. Àbùlà ni èyí tí a ti bu omi là. Ẹlẹ́mu náà ńkọ́? Bí ó bá bu omi la ẹmu, àwọn àgbà tí ń mu ún á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ahọ́n wọn á sọ fún wọn.

Ohun kan náà ni àwọn ọmọ wa ń kọ́ nínú sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ń bèèrè pé: iyọ̀ mélòó ló wà nínú omi yìí? Bí a bá bu omi sí i, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ọ̀rọ̀ ògidì àti àbùlà náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ahọ́n nìkan kò tó wọn. Wọ́n ń wọn omi, wọ́n sì ń wọn ohun tí wọ́n pò mọ́ omi.

2. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò

Ẹ wá ife mẹ́ta tí wọ́n dọ́gba, omi mímu tó mọ́, ṣúgà, àti ṣíbí tíì kan. Ẹ kọ A sí ara ife kìíní, B sí ara ife kejì, D sí ara ife kẹta. Ẹ bu omi sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe báyìí:

Ife A: ẹ bu ṣúgà ṣíbí kan sí i.
Ife B: ẹ bu ṣúgà ṣíbí méjì sí i.
Ife D: ẹ bu ṣúgà ṣíbí mẹ́rin sí i.

Ẹ rò ó títí ṣúgà á fi yòrò. Ẹ wá tọ́ ọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n adùn wọn kò dọ́gba. Omi D ló dùn jù. Bí a bá fi ìwọ̀n sọ ọ́, a ó wí pé agbára omi D jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti A, ó sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti B. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, nígbàkigbà tí a bá sọ pé "agbára omi", ohun tí à ń wí ni iye ohun tó yòrò nínú ìwọ̀n omi kan.

Ṣúgà ò sí lójú mọ́, àbí? Ṣùgbọ́n kò ṣègbé. Ó wà níbẹ̀, ó kàn fọ́n ká inú omi ni. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí, kí ó po iyọ̀ mọ́ omi díẹ̀, kí ó dà á sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ó gbé e sínú òòrùn. Nígbà tó bá yá, omi á gbẹ, iyọ̀ á sì kù nínú àwo. Omi ló ń gbẹ lọ. Iyọ̀ kì í bá a lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí ẹnì kan bá mu ìdajì omi inú ife D, ṣé adùn ìdajì tó kù á dín kù? Rárá o. Omi dín kù, ṣúgà náà dín kù. Àwọn méjèèjì jọ dín kù ni. Agbára rẹ̀ wà bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá fi omi lásán kún ìdajì yẹn títí ife fi kún padà, àbùlà dé nìyẹn. Ṣúgà ṣíbí méjì péré ló kù nínú ife náà, omi sì kún un. Ó ti di ẹgbẹ́ ife B. Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ǹjẹ́ a lè máa bu ṣúgà tàbí iyọ̀ sí omi láìní òpin? Kò ṣeé ṣe. Ìgbà kan á dé tí iyọ̀ kò ní yòrò mọ́. A ó rò ó títí, á kàn jókòó sí ìsàlẹ̀ ife ni. Omi náà ti yó. Lítà omi kan lè gba iyọ̀ tó nǹkan bíi 360 gíráàmù, kò sì ní gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

3. Òfin mẹ́ta

Ohun tí a rí nínú ife mẹ́ta yìí kò ju òfin mẹ́ta lọ. Ẹ kà á sókè, ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín.

Òfin kìíní: Bí omi kò bá yí padà, tí ohun tí a pò mọ́ ọn pọ̀ sí i, agbára omi á pọ̀ sí i.

Òfin kejì: Bí ohun tí a pò mọ́ omi kò bá yí padà, tí omi pọ̀ sí i, agbára omi á dín kù.

Òfin kẹta: Bí omi àti ohun tí a pò mọ́ ọn bá jọ pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà, agbára omi á dúró bó ṣe wà.

Àwọn àgbà ti fi òwe kó gbogbo rẹ̀ jọ: Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá sọ fún wa pé, "Ṣíbí kan ni mo bù sí i," kò tíì sọ nǹkan kan. A ní láti bi í pé, "Sínú omi mélòó?" Bákan náà ni ẹni tó bá sọ pé, "Omi igo kan ni," a ní láti bi í pé, "Kí ni ẹ bù sí i, ó sì tó mélòó?" Nọ́ńbà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́. Ọ̀kan kò tó.

4. Nọ́ńbà ara igo

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwọ̀n omi sí ara igo, ike, àti ọ̀rá. Wọ́n lè kọ ọ́ ní lítà, ní cl, tàbí ní ml.

Lítà 1 jẹ́ 100cl.
Lítà 1 jẹ́ 1,000ml.
1cl jẹ́ 10ml.

Nítorí náà, igo tí wọ́n kọ 60cl sí lára àti èyí tí wọ́n kọ 600ml sí lára, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ wo igo, ike, àti ọ̀rá tó wà nínú ilé yín. Ẹ wá nọ́ńbà yìí lára wọn, ẹ kà á.

5. Lóko

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìbàràpá ló ń gbin ẹ̀gẹ́, ẹ̀gúsí, àti àgbàdo. Lónìí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń fi oògùn pa koríko. Wọ́n á po oògùn mọ́ omi nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á sì máa fín in. Ẹ̀rọ yìí kò dọ́gba. Òmíràn ń gba lítà omi 16, òmíràn ń gba 20.

Kí a fi ṣe àpẹẹrẹ pé ìwé ara ike oògùn kan sọ pé kí a bu 10ml sí lítà omi kan. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gba lítà 20 á bu 200ml. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gba lítà 16 á bu 160ml. Agbára oògùn inú ẹ̀rọ méjèèjì á dọ́gba. Òfin kẹta nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ẹ̀rọ kékeré bá wo ẹnìkejì rẹ̀, tí òun náà bu 200ml, kí ló dé? Ó ti di 12.5ml nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ó ti fi owó ṣòfò, oògùn tó le jù náà sì lè jó ohun ọ̀gbìn rẹ̀, kí ó tún pa òun fúnra rẹ̀ lára. Bí ẹni tó ni ẹ̀rọ ńlá bá sì bu 160ml, 8ml péré ni lítà kọ̀ọ̀kan á ní. Koríko lè má kú, á wá rò pé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún òun. Oògùn kò sì ní ẹ̀bi. Ìwọ̀n ló ṣì í.

Nítorí náà, ẹ máa ka ìwé ara ike oògùn tiyín. Nọ́ńbà inú àpẹẹrẹ wa yìí kì í ṣe fún gbogbo oògùn.

6. Lódò: ọ̀rọ̀ sòbìà

Ẹ̀yin àgbà Ìbàràpá, pàápàá ẹ̀yin ará Ìdèrè, ẹ kò lè gbàgbé sòbìà. Omi odò àti omi kùdẹ̀rẹ̀ ni ó ń gbà wọ ara. Kòkòrò kan tó kéré púpọ̀, tí ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí, ń gbé inú omi náà, òun ló ń gbé ọmọ sòbìà. Ẹni tó bá mu omi náà, ó ti mu sòbìà mọ́ ọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, aràn náà á máa yọ jáde lẹ́sẹ̀. Àgbẹ̀ ò ní lè lọ sóko, ọmọ ò ní lè lọ sílé-ìwé.

Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn àti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà dá iṣẹ́ ìlera ìgbèríko sílẹ̀ ní Ìbàràpá, wọ́n sì fi Igbó-Ọrà ṣe ibùjókòó rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń bá àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́. Sòbìà wà lára ohun tí wọ́n bá jà, Ìdèrè sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà ń ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 600,000. Ẹni tó ní in kẹ́yìn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣẹ́gun rẹ̀? Wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn láti máa fi aṣọ sẹ́ omi. Wọ́n gbẹ́ kànga. Wọ́n kìlọ̀ pé kí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ má ṣe wọ inú odò. Wọ́n sì ń da oògùn kan tí ń jẹ́ Abate sínú omi kùdẹ̀rẹ̀, láti pa kòkòrò tí ń gbé ọmọ sòbìà. Oògùn yìí ni a fẹ́ fi kọ́ ẹ̀kọ́.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́ ni ẹyọ kan ògidì oògùn nínú mílíọ̀nù kan omi. Ní ìwọ̀n yìí, kòkòrò á kú, ṣùgbọ́n omi náà kò ní ṣe ẹni tó mu ún ní ibi. Ẹ wo bí àbùlà yìí ti pọ̀ tó! Síbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Kí a sọ pé kùdẹ̀rẹ̀ kan gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 10, ó sì jìn ní mítà 1. Lítà omi 100,000 ló wà nínú rẹ̀. Ògidì oògùn gíráàmù 100 ló ń fẹ́. Bí lítà kan oògùn tó wà nínú ike bá ní gíráàmù 500 ògidì nínú, 20cl péré ni wọn á dà sínú gbogbo omi yẹn. Ìyẹn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta igo tó ń gba 60cl.

Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ ìlera tó ṣí ike oògùn, okùn ni ó kọ́kọ́ ń mú jáde. Ó ń wọn gígùn odò, fífẹ̀ rẹ̀, àti jíjìn rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí omi pọ̀ sí i, ó gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n. Oògùn tó tó fún omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àbùlà tí kò lè pa kòkòrò ni á jẹ́ nígbà òjò. Òfin kejì nìyẹn.

7. Nínú ilé: omi iyọ̀ òun ṣúgà

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Sòbìà ti lọ, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru kò tíì lọ. Ó ṣì ń pa àwọn ọmọ kéékèèké.

Omi pọ̀ nínú ara ọmọ. Omi ara yìí kì í ṣe omi lásán. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omijé àti òógùn fi ní iyọ̀ lẹ́nu. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi àti iyọ̀ jọ ń jáde lára rẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ á jìn wọnú, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, àwùjẹ̀ ọmọ ọwọ́ á wọnú, ìtọ̀ á dín kù. Bí omi ara bá dín kù jù, ọmọ á kú.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí a má fún ọmọ bẹ́ẹ̀ lómi, kí ìgbẹ́ lè dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìkòkò bá ń jò, tí a kò sì pọn omi sí i, kí ni á ṣẹlẹ̀? Á gbẹ ni.

Ṣùgbọ́n omi lásán nìkan kò tó. Ó ń dá omi padà, kò dá iyọ̀ padà. Ṣúgà ńkọ́, kí ni iṣẹ́ tirẹ̀? Ṣúgà ló dà bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn. Bí ó bá wà nínú ìfun pẹ̀lú iyọ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, àwọn méjèèjì á jọ wọ ara, omi á sì tẹ̀lé wọn.

Ní ọdún 1971, nígbà ogun tó bí orílẹ̀-èdè Bangladesh, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wọ Íńdíà. Àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn ní Bangaon. Omi tí àwọn dókítà ń fi abẹ́rẹ́ fà sí ara àwọn aláìsàn kò tó mọ́. Dókítà Dilip Mahalanabis àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá wọn iyọ̀, ṣúgà glucose, àti sódà, wọ́n sì pò ó mọ́ omi mímu. Àwọn ẹbí aláìsàn ló ń fún wọn mu. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 30 ló ń kú nínú 100. Láàrin àwọn tó mu omi yìí, àwọn tó kú kò tó 4 nínú 100. Iyọ̀, ṣúgà, omi, àti ìwọ̀n, ohun tó ṣe iṣẹ́ náà nìyẹn.

Lónìí, ọ̀rá O.R.S. ló dára jù láti lò. A ti wọn ohun inú rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí a wọn omi. Púpọ̀ nínú ọ̀rá yìí jẹ́ ti lítà omi kan. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti lítà kan, ọ̀rá omi méjì tí wọ́n kọ 50cl sí ní yóò gbà. Ẹ má ṣe pín ìyẹ̀fun náà sí méjì, ẹ má sì bu omi ife kan lásán sí i.

Bí kò bá sí O.R.S. nítòsí, a lè fúnra wa pò ó báyìí:

Iyọ̀: ṣíbí tíì 1.
Ṣúgà: ṣíbí tíì 10, tàbí ṣúgà oníkóró 5.
Omi tó mọ́: 60cl.

Ojú ṣíbí gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé e. Ṣíbí tó ga bí òkìtì lè tó ìlọ́po méjì èyí tó tẹ́jú. Ṣíbí tíì kékeré ni kí ẹ lò, kì í ṣe ṣíbí ìjẹun. Kí ẹ tó fún ọmọ, ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ ní iyọ̀ ju omijé lọ. Bí ó bá jù ú lọ, ẹ dà á nù, ẹ tún òmíràn pò.

8. Igo ti yí padà

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ ó rántí pé ohun tí wọ́n kọ́ yín nígbà tí ẹ ń tọ́ ọmọ ni: "Igo bíà kan, tàbí igo mínírà méjì." Òótọ́ ni nígbà náà. Igo bíà ń gba 60cl, igo mínírà ń gba 30cl. Méjì nínú 30cl sì jẹ́ 60cl.

Ṣùgbọ́n igo mínírà ìsinsìnyí kì í ṣe ti ìgbà náà mọ́. Òmíràn ń gba 35cl. Oníke ń gba 50cl tàbí 60cl. Bí ìyá àgbà bá sọ fún ìyàwó ilé pé, "Igo mínírà méjì ni o," tí ìyẹn sì bu ike 60cl méjì, omi ti di 120cl. Iyọ̀ ṣì jẹ́ ṣíbí kan, ṣúgà ṣì jẹ́ mẹ́wàá. Agbára rẹ̀ ti di ìdajì. Ìyá àgbà kò purọ́, ìyàwó ilé kò ṣàìgbọràn, síbẹ̀ omi náà kò pé fún ọmọ.

Ibi tí ìwé kíkà yín ti wúlò nìyí. Ẹ má ka igo. Ẹ ka nọ́ńbà ara igo. 60cl ni ẹ ń wá.

Igbó-Ọrà ni ìlú ìbejì, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbọ́ eléyìí, ẹ̀yin ìyá ìbejì. Bí Táíwò àti Kẹ́hìndé bá jọ ń yàgbẹ́ gbuuru, tí omi 60cl kan kò tó wọn, ẹ má ṣe bu omi là á kí ó lè kárí. Ẹ po òmíràn. Omi 120cl, iyọ̀ ṣíbí 2, ṣúgà ṣíbí 20. Òfin kẹta nìyẹn.

9. Bí ó bá ṣàn jù, bí ó bá le jù

Bí omi iyọ̀ òun ṣúgà bá ṣàn jù, kò ní dá iyọ̀ tó tó padà sí ara ọmọ. Ìyá á rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀, ara ọmọ á sì máa rẹ̀ sí i.

Bí ó bá le jù, èyí burú ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ ti rí i nígbà tí ẹ bá bu iyọ̀ sí ẹja tútù: omi á máa jáde lára ẹja. Iyọ̀ ń fa omi. Omi tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù lè fa omi jáde lára ọmọ, ó lè fa gìrì, ó sì lè pa á. Ṣúgà tó pọ̀ jù náà ń fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ á sì pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí mínírà kò fi lè rọ́pò omi yìí. Ẹ má ṣe rò pé bí ó bá ti le tó ni ó ṣe dára tó.

Bí ẹ bá fẹ́ se omi, ẹ sè é kí ẹ tó po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ ọn, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ẹ má ṣe gbé e kaná lẹ́yìn tí ẹ ti pò ó. Ẹ rántí àwo tí a gbé sínú òòrùn: omi ń lọ, iyọ̀ kì í lọ. Bí omi ṣe ń hó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó kù nínú ìkòkò á máa le sí i.

Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè mu 5cl sí 10cl. Èyí tó ti pé ọdún méjì sókè lè mu 10cl sí 20cl. Ẹ máa fi ṣíbí tàbí ife fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá ọmú dúró, ẹ má dá oúnjẹ dúró. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ da èyí tó kù nù, ẹ po tuntun. Ẹ bèèrè oògùn zinc lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Ọjọ́ 10 sí 14 ni ọmọ á fi lò ó.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ọmọ kò bá lè mu nǹkan, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tó mu, tàbí tí ara rẹ̀ rọ jọwọrọ, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá. Ẹ máa fún un ní omi náà lójú ọ̀nà bí ó bá lè mu ún.

10. Ìparí

Ògidì kì í ṣe ohun rere ní gbogbo ìgbà, àbùlà kì í sì í ṣe ohun búburú ní gbogbo ìgbà. Àbùlà oyin, olè ni. Àbùlà Abate nínú kùdẹ̀rẹ̀, ìgbàlà ni. Ohun tí à ń wá ni ìwọ̀n tó yẹ. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀n omi, tó sì mọ ìwọ̀n ohun tó pò mọ́ ọn, iṣẹ́ rẹ̀ á yọrí.

Ẹ ka òfin mẹ́ta yẹn fún àwọn ará ilé tí kò tíì mọ̀wé. Ẹ mú igo kan, kí ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn wọ́n.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ògidì àti àbùlà?
2. Bí a bá mu ìdajì omi inú ife kan, ṣé agbára ìdajì tó kù yí padà? Kí ló fà á?
3. Ìyá kan ní ike 30cl kan ṣoṣo. Ó fẹ́ po omi iyọ̀ òun ṣúgà sínú rẹ̀. Ṣíbí ṣúgà mélòó ni á bù? Iyọ̀ ńkọ́?
4. Ẹnì kan bu iyọ̀ ṣíbí 1 àti ṣúgà ṣíbí 10 sí omi 50cl. Ṣé ó le jù ni, àbí ó ṣàn jù? Omi mélòó ló kù kí ó bù sí i?
5. Èéṣe tí a kò fi gbọdọ̀ gbé omi iyọ̀ òun ṣúgà kaná?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ kó igo, ike, àti ọ̀rá márùn-ún jọ nílé yín. Ẹ kọ nọ́ńbà ara ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ẹ fi àmì sí èyí tó ń gba 60cl, kí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ sì fi pamọ́ sí ibi tí gbogbo ará ilé mọ̀.